Ọdún Yìí Ni Ife Máa Jẹ́ Tiwa

Ọmọ mi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, èmi wà ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù ló sì wà láàárín wa. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí fún ẹni tí kò mọ̀ mí, á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mi ò mọ àwàdà ṣe. Ọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́nu mi láti kékeré. Ìyá mi a máa sọ pé bí ilé bá ń jó, èmi yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí àgbà tó wà nítòsí kí n tó sọ pé iná ń bẹ. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá mi fi kú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nítorí bọ́ọ̀lù, mo lè sọ ọ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Bàbá Àjíkẹ́ ni mo ń pè é, nítorí Àjíkẹ́ ni orúkọ ọmọ wa. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan tí Ọlọ́run fún ní gíga. Bí ó bá fẹ́ wọ yàrá, á tẹ orí ba bí ẹni tó ń kí ọba. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, bó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, ìyàwó ló sì máa wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é. Ọjọ́ kejì tí wọ́n mú mi wọlé ni mo ti sọ tirẹ̀ ní Agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ga débi tí aṣọ fi ń yẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, o ṣeun. Aṣọ tó máa tó mi gan-an ni mi ò tíì rí."

Gíga yìí ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló kọ́kọ́ mú un lọ nítorí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tó wà lókè. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́ jẹ gbà á síṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mú mi. Àjíkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ kò tíì jáde, kí a fi í sọ́dọ̀ ìyá mi fún ìgbà díẹ̀. Mo gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó di etí ìborùn mi mú, a sì ní láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Òtútù ò bà mí lẹ́rù, wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tí mo pàdé bàbá arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí à ń gbé, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Bàbá náà rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó di apá mi mú, ó ń pariwo pe ìyàwó rẹ̀ kó wá bá òun gbé mi dìde. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń dúró sínú yàrá títí onítọ̀hún yóò fi kọjá. Bí mo ṣe di ẹni tí kì í kí àgbà nìyẹn. Ní Ọ̀yọ́, wọn ì bá ti wá bi ìyá mi léèrè pé kí ló ṣe ọmọ rẹ̀.

Ìyá Àjíkẹ́ ni Bàbá Àjíkẹ́ ń pè mí. Bí Agùntáṣọọ́lò bá bẹ̀ wá wò, òun náà á ní, "Ìyá Àjíkẹ́, ìyàwó wa, kí lo sè?" Kò sẹ́lòmíràn tó ń pè mí ní ohunkóhun. Nígbà míì, bí mo bá ń bu ọbẹ̀ fún wọn, á máa ṣe mí bíi kí n béèrè pé Àjíkẹ́ wo. Orúkọ ọmọ wà lára mi ní ìlú tí ọmọ kò sí. Àfi bí ìgbà tí ènìyàn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí, tí ilé sì wà ní òkè òkun.

*

Mo ríṣẹ́ sí ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan. Aṣọ ibùsùn ni mò ń ká. Aṣọ náà fẹ̀, ènìyàn méjì ló ń ká a: ẹnì kan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di èkejì, ẹ ó nà án, ẹ ó pàdé láàárín, ẹ ó tún padà sẹ́yìn. Obìnrin dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Rúùbì ni wọ́n so mí pọ̀ mọ́. Ó tó bí mi lọ́mọ. Mi ò lè la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ lásán, "Mà" ni mo ń pè é. Ó máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ pé ta ni mò ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìlú náà ni Rúùbì ń sọ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. "A ò ṣe dáadáa lánàá," á wí. "Ẹsẹ̀ wa ti wúwo jù." Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò wọ pápá náà rí. Síbẹ̀ "àwa" ló ń wí, gbogbo ìlú náà ló sì ń wí "àwa". Èmi tí mo ń se oúnjẹ fún ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà kò wọ ẹnu mi. "Wọ́n" ni mo ń wí. Mo rò ó títí, mi ò mọ ohun tó ń fà á. Bóyá àwọn tí ilé wọn wà nítòsí ló lè máa fi ẹnu lásán wí "àwa".

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé ẹni gíga tó máa ń jókòó ní ìparí àga wọn, àbúrò ọkọ mi ni, Rúùbì ju etí aṣọ sílẹ̀.

"Irọ́ lò ń pa!"

"Rárá, Mà."

"Sọ fún un kó yéé bẹ̀rù. Ó ga bí òpó iná, àmọ́ ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọ̀n."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ rí. Láti ìgbà náà ló ti ń mú ìwé ìròyìn wá, tí yóò tẹ́ ojú ewé eré ìdárayá sílẹ̀ lórí tábìlì nígbà oúnjẹ ọ̀sán, tí yóò ní kí n kà á sókè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Òyìnbó tí ìwé kẹrin kò kọ́ mi. Mo lè ka "orúnkún", mo lè ka "ìfarapa", mo lè ka "ìrètí kò pọ̀", kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè iye ẹyin lọ́jà. Bọ́ọ̀lù ṣe mí lóore tó yẹn. Mi ò purọ́ mọ́ ọn.

*

"Bí wọ́n bá gba ife ẹ̀yẹ," Bàbá Àjíkẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí a débẹ̀, "gbogbo wa la jọ ń lọ sílé. A ó wọ Ògbómọ̀ṣọ́ tayọ̀tayọ̀, a ó sì mú ọmọ wa bọ̀."

"Bí wọn ò bá gbà á ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó ṣépè. "Ẹnu rẹ lo ti ń lé e lọ yẹn."

Wọn ò gbà á. Lọ́dún kejì, wọ́n sún mọ́ ọn, wọn ò tún gbà á. Bàbá Àjíkẹ́ ń wa takisí, gbogbo ẹni tó bá gbé ló ń ṣàlàyé fún pé ọdún tó ń bọ̀ ni. Mo wá kórìíra gbólóhùn yẹn. Ènìyàn márùn-ún ń sáré lórí pátákó, wọ́n ń la òógùn, wọn ò mọ̀ pé ọmọ kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí eyín ń yọ, tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tí ìyá rẹ̀ ń dúró de ọwọ́ wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, mo súnmọ́ ọmọ mi. Bí ó bá ta dànù, mo jìnnà sí i. Irú ayé wo nìyẹn?

Nílé, Bàbá Àjíkẹ́ máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n nítorí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó yẹ ká gbọ́. Nítorí náà ni mo ṣe mọ bí eré náà ṣe rí, tí mi ò sì mọ bó ṣe ń dún. Ẹ rántí èyí.

*

Ládùúgbò wa ní Ọ̀yọ́, ilé Tíṣà àgbà kan nìkan ni tẹlifóònù wà. Lọ́jọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù, bí ìsìn bá parí, ìyá mi á mú Àjíkẹ́ lọ jókòó ti ẹ̀rọ náà. Nígbà míì ìlà á wọlé. Nígbà míì kò ní wọlé, wọn á jókòó títí, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó Tíṣà, wọn á padà sílé.

"Ṣé ò ń jẹun?" Ìyá mi á pariwo bí ẹni pé òdìkejì odò ni mo wà.

"Mò ń jẹun, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀?"

"Wọ́n ní bí wọ́n bá gba ife, mà."

"Bọ́ọ̀lù wo ló ń gba ọdún mẹ́ta? Tiwa níbí, bí wọ́n bá ti fọn fèrè, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ."

"Tibí yàtọ̀, mà."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Àjíkẹ́! Wá kí ìyá rẹ."

Mo gbọ́ èémí kékeré létí ẹ̀rọ. "Ẹ kú ọ̀sán, àǹtí."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ mi. "Àjíkẹ́, èmi kì í ṣe àǹtí. Èmi ni ìyá rẹ."

Ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó fi sùúrù dá mi lóhùn, bí ẹni tó ń la ọ̀nà fún àlejò.

"Ìyá mi wà níbí. Wọ́n ń jẹ obì."

*

Lọ́dún kẹta, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í borí, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Bàbá Àjíkẹ́ wá gbé mi níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Rúùbì sì tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà kó lè rí i.

"Ọdún yìí ni ife máa jẹ́ tiwa," Bàbá Àjíkẹ́ ké sí i látinú ọkọ̀. "Ta ló máa dá wa dúró?"

"Orúnkún ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù wa yẹn," Rúùbì wí. "Àgbà ti dé sí i. Bó bá jókòó, ta ló kù? Àbúrò rẹ."

"Kí ló ṣe àbúrò mi?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ì bá dára kó máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Bàbá Àjíkẹ́ pòṣé, ó wakọ̀ lọ. "Ọ̀tá lobìnrin yẹn," ló ń wí lọ́nà. Mo ti ka ìwé ìròyìn, mo mọ̀ pé òótọ́ ni Rúùbì sọ. Ẹni kan ṣoṣo ló gbé gbogbo wọn lérí, orúnkún rẹ̀ sì ń wú. Ṣùgbọ́n àdúrà ni mò ń gbà. Mo ń gbàdúrà fún orúnkún ọkùnrin tí mi ò rí rí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú Ọlọ́run.

Wọ́n dé ìparí ìdíje. Ẹgbẹ́ méjì ló kù, tiwọn àti ti ìlú mìíràn. Wọ́n gbá a títí, wọ́n borí ara wọn ní dọ́gbadọ́gba, ó wá ku ẹyọ kan tó máa parí ọ̀rọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Agùntáṣọọ́lò mú ìwé ìwọlé wá fún wa, lẹ́yìn àga wọn gan-an, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹbí. N kò débẹ̀ rí.

Èrò ibẹ̀ ju ti Ọjà Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọdún. Bí ẹgbẹ́ kejì bá gba bọ́ọ̀lù, ariwo á sọ bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Mo di etí. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, orúnkún ọ̀gá wọn yẹ̀. Wọ́n gbé e jáde. Olùkọ́ wọn wo ìparí àga, ó sì na ìka. Agùntáṣọọ́lò dìde, ó ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ọmọ tí wọ́n pè síwájú kíláàsì.

Ẹyọ kan péré ni ẹgbẹ́ kejì fi ń ṣíwájú nígbà tí ọ̀kan nínú wọn gbá Agùntáṣọọ́lò lọ́wọ́. Wọ́n fọn fèrè, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fún un ní jíjù méjì, láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, wọ́n dọ́gba. Bí méjèèjì bá wọlé, ife wọlé.

Gbogbo èrò náà dákẹ́.

Ó jù ú, ó wọlé. Ariwo ta. Ó tún gba bọ́ọ̀lù, wọ́n sì tún dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: ẹnu gbogbo wọn pa dé, àwọn kan tilẹ̀ bo ojú. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ ilé rẹ bá dá dúró níwájú èrò, o máa ń kì í ni. O máa ń pè é kí orí rẹ̀ wú, kó mọ̀ pé òun ní ènìyàn. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá dákẹ́ lé lórí, wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo wo ọkùnrin gíga yẹn, ó dá dúró sórí pátákó tó ń dán, kò sẹ́ni tó pè é. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Agùntáṣọọ́lò! Ọkọ mi! Ọmọ Ajílété!"

Ohùn mi lọ, ó kan ògiri, ó padà wá. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà yé. Ó yí orí padà. Ó rí mi. Eyín rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọ̀n, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù náà yí etí irin po, ó rò ó, ó bọ́ síta.

Wọ́n fi kún àkókò, ẹgbẹ́ kejì sì borí.

*

Bàbá Àjíkẹ́ ń yára lọ níwájú mi títí a fi dé ibi tí a gbé takisí sí.

"Ọdún mẹ́ta, o ò lanu," ló wí. "Òní lo rí lanu."

"Wọ́n dákẹ́ lé e lórí."

"Wọ́n ń dákẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni! Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tiwọn níbí nìyẹn. Ọ̀tá ni wọ́n ń pariwo mọ́!"

"Ta ló sọ fún mi? Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n."

N kò dá a lóhùn báyìí rí. Ó fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Èmi náà bínú. Mo bínú sí i, mo bínú sí ìlú tí wọ́n ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ fẹ́ràn ènìyàn, mo bínú sí bọ́ọ̀lù náà. Lọ́jọ́ kejì, Rúùbì dúró dè mí nídìí aṣọ. "Ìwọ ni," ló wí. "Mo gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó na etí aṣọ sí mi. "Ká á lọ. Àwọn kan ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Ọmọ yẹn ti ń sọ irú bọ́ọ̀lù yẹn nù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó ń pè é."

Agùntáṣọọ́lò wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bàbá Àjíkẹ́ ní kí n má dìde, kí n bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni, bọ̀ọ̀dá mi?" ni Agùntáṣọọ́lò wí. "Ìyàwó wa, dìde jàre. Wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́yìn aṣọ mi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pè ní gbogbo ìlú yìí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí níbẹ̀ tí mo mọ̀ pé èmi ni."

N kò dìde. Mo wo ilẹ̀, mo béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ máa gba ife náà lọ́dún tó ń bọ̀? Nítorí ọmọ mi ni mo fi ń béèrè."

"Kí ló kan ọmọ rẹ nínú ife?"

"Bàbá Àjíkẹ́ ló ní bí ẹ bá gbà á ni a ó lọ sílé."

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí mo ti ní kí ẹ wá gba tíkẹ́ẹ̀tì láti ọdún tó kọjá? Ẹ ní ìyàwó ò tíì fẹ́ lọ, pé iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn."

Yàrá náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ti ilẹ̀ wa nìyẹn, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ojú wo ni kí n fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́?" Bàbá Àjíkẹ́ wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bàbá wa ti sọ fún gbogbo agboolé pé ife la máa gbé bọ̀. Ọdún mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, kí n wá gbé kí ni wọlé? Aṣọ òtútù?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ìka kékeré tí a tú kúrò létí ìborùn mi, àánú náà sì tán. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá Àjíkẹ́," mo wí, "ènìyàn máa ń dé Ọ̀yọ́ kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní dé ibi tí ojú ti ń tì yín."

*

Èmi nìkan ni mo lọ. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Ìbàdàn já mi sí ẹ̀gbẹ́ Akẹ̀sán, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo gbé àpótí rù. Gbogbo ẹni tí mo pàdé ni mo kúnlẹ̀ kí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé mi dìde.

Lójúde wa, àwọn ọmọbìnrin kékeré ń ta tẹ́ńtẹ́n. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ síra wọn. Mo sọ àpótí kalẹ̀. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Wọ́n dọ́gba. Eruku kan náà ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Mo wá ojú ọmọ ọwọ́ tí mo fi sílẹ̀ lára wọn, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò lè lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé èwo ni ọmọ mi. Mo fa èémí sínú.

"Àjíkẹ́!"

Ohùn yẹn náà ni. Ó kan ògiri ilé wa, ó padà wá.

Ọ̀kan nínú wọn yí orí padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó sì ṣi eré náà gbá. Ẹnìkejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó ń pariwo pé, "Mo jẹ ọ́! Mo jẹ ọ́!"

Àjíkẹ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò.